Ẹ Má Ní Kí Màmá Jókòó Sójú Kan

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Ṣebí àwa ọmọ yín wà níbí."

Ìfẹ́ ló ń mú ọmọ sọ̀rọ̀ báyìí. Màmá ṣubú díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà ya fọ́tò, ó ní egungun Màmá ti fúyẹ́, pé osteoporosis ni. Láti ọjọ́ náà ni àga ọlọ́wọ́ tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n ti di ilé Màmá. Oúnjẹ ń bá a níbẹ̀, omi ń bá a níbẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́fà, Màmá tó ń dá lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀ kò lè dìde mọ́ àfi kí ẹnìkan fà á lọ́wọ́. Àwọn ọmọ á ní àìsàn náà ló ń le sí i. Èmi á ní kí wọ́n wo àga yẹn dáadáa.

Egungun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó apá kan rẹ̀, tó sì ń mọ tuntun dípò, bí ẹni tó ń tún ògiri alámọ̀ ṣe. Nígbà ọ̀dọ́, mímọ rẹ̀ yá ju wíwó lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, wíwó bẹ̀rẹ̀ sí í borí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí obìnrin kò bá wá rí nǹkan oṣù mọ́, tí èròjà estrogen tó ń ṣọ́ egungun rẹ̀ lọ sílẹ̀, wíwó náà a yára kánkán. Bó bá pẹ́, inú egungun a lu jára bí ajere. Kò ní dùn ún, kò ní wú, kò sì ní hàn síta, àfi ọjọ́ tó bá ṣẹ́. Ọrùn ọwọ́, ìbàdí àti egungun ẹ̀yìn ni ó sábà ń mú. Kí àwọn bàbá má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni: kárí ayé, nínú obìnrin 3 tó ti lé ní ọmọ ọdún 50, egungun ọ̀kan máa ṣẹ́ nítorí irú àìlágbára yìí, nínú ọkùnrin 5, ọ̀kan.

Ta ló wá ń sọ fún ara pé kó máa mọ egungun? Ẹrù ni. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1892 pé bí ẹrù bá ṣe ń tẹ egungun ni egungun ṣe ń tún ara rẹ̀ tò. Àwọn tó ń lọ gbé nínú ọkọ̀ ní gbalasa òfurufú sì fi ara wọn jẹ́rìí. Wọ́n ń léfòó níbẹ̀ ni, ẹsẹ̀ wọn kò tẹ nǹkan kan. Kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ ìmárale tó lágbára lọ sí ọ̀hún, ìdá 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún egungun ìbàdí wọn ló ń lọ lóṣooṣù. Alágbára tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ni wọ́n o. Kí wá ni ká sọ nípa ìyá ẹni 72 ọdún tí a ní kó máa jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí bẹ́ sílẹ̀ kí ẹ máa ṣe gbogbo eré ìmárale tí ẹ bá rí lórí fóònù. Lọ́dún 1984, Sinaki àti Mikkelsen ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 59 tí àìsàn yìí ti mú egungun ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní kí àwọn kan máa na ẹ̀yìn sẹ́yìn, kí àwọn kan máa ká ẹ̀yìn kò síwájú, àwọn mìíràn kò sì ṣe eré ìmárale kankan. Nígbà tí wọ́n tún ya fọ́tò, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń na ẹ̀yìn ni egungun ẹ̀yìn wọn tún fọ́. Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan, ìdá 67. Àwọn tó ń ká ẹ̀yìn kò ńkọ́? Ìdá 89. Èèyàn 59 kò pọ̀, mo gbà. Síbẹ̀ ìkìlọ̀ tó ti ibẹ̀ jáde ni àwọn tó ń tọ́jú egungun ṣì ń tẹ̀ mọ́ aláìsàn létí títí dòní: ẹ máa lo ara, ẹ má ká ẹ̀yìn.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀ wa. Ó kúrú. Ẹni tó fẹ́ fi gbálẹ̀ á ká bí ìwọ̀ ẹja, á sì máa yí sọ́tùn-ún yí sósì nínú ìkákò yẹn. Ká tẹ̀ síwájú ká tún máa yí: kò sí ohun tí egungun ẹ̀yìn tó ti fúyẹ́ kórìíra tó o. A sì ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa láti kékeré pé ẹni tó bá lóṣòó gbálẹ̀, ọ̀lẹ ni! Ẹ bá mi wá igi gígùn kan, ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ ọn, kí Màmá dúró gbọnrangandan gbálẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ilé náà ni, ìmárale náà ni.

Ìgbálẹ̀ nìkan kọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ wà nílẹ̀, ìyá àgbà á sì máa bẹ̀rẹ̀ bu omi ní ogún ìgbà kó tó wẹ̀ tán. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí àpótí, kí òun náà jókòó lórí òmíràn. Ọmọ pípọ̀n tún wà níbẹ̀: ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ títí, wọn á gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, á wá máa di ọ̀já. Ẹrù lórí ẹ̀yìn tó ti ká nìyẹn. Kí ìyá ọmọ pọn ọmọ rẹ̀. Kí ìyá àgbà gbà á lé itan lórí àga.

Bí nǹkan bá jábọ́, ìbàdí àti orúnkún ni kó tẹ̀, kí ẹ̀yìn wà ní nínà. Àwọn Mùsùlùmí ti mọ èyí tẹ́lẹ̀: rúkúù inú ìrun tí wọ́n ń kọ́ni nílé kéwú, ẹ̀yìn a tẹ́ pẹrẹsẹ, ìbàdí ló ń tẹ̀. Ẹni tí ìforíkanlẹ̀ bá sì ni lára, ẹ̀sìn ti fún un láyè kó kírun lórí àga. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí Màmá má ṣe fò dìde tààrà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lódindi bí ìtì igi, kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde.

Eré ìmárale gan-an kò béèrè owó. Ẹ wá àga onígi kan, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí Màmá jókòó síwájú díẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kó dìde láì fi ọwọ́ ti nǹkan kan. Bí kò bá ṣe é ṣe lónìí, kó fọwọ́ tì í. Ó ń bọ̀ wá ṣe é ṣe. Kó rọra padà jókòó, kó má já lu àga. Ìgbà 8, ìsinmi díẹ̀, kó tún un ṣe. Itan tó ń gbé e dìde yẹn náà ni yóò gbé e dé balùwẹ̀ lóru. Nídìí sínkì ilé ìdáná, kó di etí sínkì mú, kó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kó rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń se ẹ̀wà láyè tó pọ̀ láti ṣe é. Píọ̀ wọ́tà kan tó ìlàjì kílò: ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kó máa tẹ ìgúnpá gbé wọn wá sí èjìká. Kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó fa èjìká méjèèjì sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà ọdún 2020, ní kí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 65 máa ṣe irú èyí tó ń fún iṣan lágbára, tó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, ó kéré tán ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Ijó ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀, ó dára gan-an. Kìkì pé bí onílù bá ní kí Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà tàbí àwọn tó ń ṣe fisiotẹ́rápì ní ọsibítù yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí egungun kan bá ti ṣẹ́ rí. Èyí tó bá dunni gan-an, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣubú ló ń ṣẹ́ ìbàdí. Ilé tó bá ní kí Màmá má rìn, tí kò sì ní tọ́ọ̀ṣì nígbà tí iná bá lọ, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Wáyà jẹnẹrétọ̀ tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, omi lórí táìlì, kápẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ká, sílípáàsì tó ti jẹ, ìró tó ń wọ́lẹ̀: àwọn ni ọ̀tá. Irin ìdìmú kan lára ògiri balùwẹ̀ sàn ju àga ọlọ́wọ́ mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń dùn mí. Bí ẹ̀yìn àgbàlagbà bá ṣàdédé mú un gírí lẹ́yìn tó gbé nǹkan, a máa ń ní kí ọmọdé gun ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé egungun ẹ̀yìn ló fọ́ o! Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan gùn ún, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí wọ́ ọ. Fọ́tò ni kí ẹ lọ yà ná. Oògùn náà wà níbẹ̀: àwọn bíi dexamethasone àti prednisolone tí àwọn kan ń rà fúnra wọn kí wọ́n lè sanra tàbí kí ara má ro wọ́n, bí a bá lò wọ́n pẹ́, wọ́n ń jẹ egungun. Ẹni tí dókítà sì fún, kó má ṣàdédé dá a dúró. Kó padà lọ bi dókítà.

Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Màmá, ẹ ká wáyà kúrò lọ́nà, ẹ so igi mọ́ ìgbálẹ̀. Bó bá di àárọ̀ ọ̀la, ẹ má fà á dìde lórí àga. Ẹ dúró tì í, kí ẹ máa bá a ka ìgbà 8.