Àwọn àlejò orí ẹrẹ̀ ọ̀sà

Ní òpin oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ lọ sí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ má jẹ́ kí lékeléke nìkan gba ojú yín. Ẹ wo ẹyẹ kékeré tí ń sáré lórí ẹrẹ̀, tí ń mi ìdí sókè sódò bí ẹni pé a ń lu ìlù fún un. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti pa ọmọ. Kí òtútù tó dé ibẹ̀ ni ó ti gbéra, tí ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé: àwọn kan nínú irú rẹ̀ máa ń ti Islande fò lórí òkun wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láìbà rárá.

Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ekòló àti akàn wẹẹrẹ inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń di ara padà. Èmi náà ti pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò wúlò. Mo jẹ́wọ́: orí àbàtà tí a fi pàǹtí àti yanrìn dí ni ilé mi wà, inú mi sì dùn nígbà náà pé ilẹ̀ ọ̀hún pọ́ọ́kú. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni omi ń wá béèrè àyè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún 2000 ni a ti kọ ìsàlẹ̀ odò Wẹ́mẹ, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sínú ìwé àdéhùn Ramsar, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Ó dára. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ta ni ó sọ ọ́ fún ẹni tí ń ta àbàtà, tàbí ẹni tí ń gé igi etí omi dáná?

Àwọn kan yóò ní ènìyàn kò rílé gbé, a ń sọ ti ẹyẹ. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ kan náà ni ẹja ń tọ́ ọmọ sí, àbàtà kan náà ni ń gba omi Wẹ́mẹ sára nígbà ìkún. Ẹ rántí ọdún 2010.

Kí àwọn aláṣẹ kọmúùnù ri òpó sí ààlà àbàtà, kí wọ́n má sì fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tí ó bá kọjá rẹ̀. Bí ilé ìwé bá sì wọlé, kí àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ wá wo ẹyẹ (kí wọ́n fi kànnàkànnà sílẹ̀ nílé).

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka ẹyẹ mẹ́tàdínlógún lórí ẹrẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé wa. Ní òdìkejì rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti da yanrìn àkọ́kọ́ sílẹ̀.