Ta ló bi àwọn ará Mushin léèrè?

Ẹ jọ̀ọ́, thread yìí á gùn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi, kó kà á tán ná.

Tí ẹnì kan bá gbé fídíò mi, tó gé orúkọ mi kúrò, tó wá gbé e sójú páàjì tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bá mi pariwo pé kó dárúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ ṣé, mo mọ rírì ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin yìí kan náà lẹ máa ń wá sábẹ́ fídíò mi láti béèrè pé, "Àǹtí, ta lẹ mọ̀ tó ń ta prójẹ́ẹ̀tì tó ti parí, Chapter One dé Five?" Kí n tó ṣẹ́jú, èèyàn mẹ́wàá ti ju nọ́ńbà sílẹ̀.

Ẹ má pè é ní "help" fún mi o. Wọ́n jí iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n yọ Ìbàdàn, wọ́n fi Mushin sí i, 2014 di 2024, wọ́n fi páálí líle dì í, wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ rẹ síwájú ẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan ló jẹ́ tìrẹ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Ta ló fẹ́ kà á? Eruku ló máa bò ó." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú. Lẹ́kíṣọ̀ kan á ní ọmọ tó pọ̀ ju èyí tó lè bójú tó lọ. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti 14 oṣù kejì dé 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, eré àsápajúdé ni gbogbo nǹkan. Mo gbà. Ìyẹn ò sọ irọ́ di òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ká ní kókó iṣẹ́ rẹ ni bí owó epo tó fò sókè lẹ́yìn ìyẹn ṣe kan àwọn oníṣòwò Mushin. Kókó gidi ni! Àwọn ìyá aláta wà ní Ojúwòyè, àwọn tó ń ta spare parts wà ní Ladipo. Yaba sí ibẹ̀ ò jìnnà, kódà pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ.

Ṣùgbọ́n Chapter Four rẹ ní 200 oníṣòwò ti dáhùn, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn "strongly agree". Níbo lo ti rí wọn? Orí bẹ́ẹ̀dì ní hostel. Ìwọ àti rúmméètì rẹ lẹ pín bírò, búlúù fún àwọn obìnrin, dúdú fún àwọn ọkùnrin, ẹ fọwọ́ òsì kọ díẹ̀ kó má bàa jọra. Ìyá aláta ò mọ̀ pé òun ti "strongly agree" sí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ kí i, ká tó sọ pé wọ́n bi í léèrè.

Ẹ wò ó, ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ní ará ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Èkó ní rárá o, mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ làwọn kà. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan lé ní mílíọ̀nù 8 èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ará Tógò lónìí! Ibi tí a ò ti mọ iye ara wa nìyí. Fọ́ọ̀mù 200 tí ọmọ ilé-ìwé kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà lọ́jà lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa àwọn aláta Mushin lọ́dún yẹn. Ìwọ wá fi irọ́ dípò ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó ń ṣe másítà á tọ́ka sí ọ. Ẹlòmíì á tọ́ka sí òun náà. Irọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ti di "ìwádìí fi hàn pé".

Wọ́n á ní ẹ̀rọ wà tó ń mú olè. Lóòótọ́, Turnitin wà, TETFund náà ti gbé EagleScan jáde. Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ wé èyí tó ti wà nílẹ̀, ó wá sọ ìdá tó jọra nínú ọgọ́rùn-ún. Kò lè dé Ojúwòyè lọ béèrè. Irọ́ tí o fúnra rẹ pa, tuntun ni lójú ẹ̀, á jẹ́ kó kọjá wẹ́rẹ́.

Àwọn olè gan-an sì ti gbọ́n ju ẹ̀rọ lọ. Ní 2021, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Cabanac, Labbé àti Magazinov, tú àṣírí àwọn tó ń ki iṣẹ́ jíjí bọ inú ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ibi tó yẹ kí "breast cancer" wà, "bosom peril" ló wà. "Artificial intelligence" di "counterfeit consciousness". Bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ kọ jẹjẹrẹ ọyàn, tó wá kọ ewu oókan àyà! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú jọ́nà àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe prójẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé-ìwé.

Torí náà, ẹ̀yin àgbà, ó kàn yín. Ní 2013, John Bohannon kọ ayédèrú ìwádìí nípa oògùn kan, àṣìṣe inú ẹ̀ hàn gbangba, ó fi orúkọ ará Áfíríkà tí kò sí láyé sí i, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. 157 ló gbà á, tó fi mọ́ àwọn kan lábẹ́ Elsevier àti Sage. (Orúkọ tiwa tó fi bojú yẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.) Nílé níbí ńkọ́? Tí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá délẹ̀, wọ́n á ka iye ìwé tí lẹ́kíṣọ̀ gbé jáde, wọn ò ní ka inú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń ṣe báyẹn fún, báwo ló ṣe máa ka tìrẹ?

Ohun tí mo fẹ́ ò tiẹ̀ gba owó. Lọ́jọ́ defence, kí ọmọ kó fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá pátá. Ẹ fa márùn-ún yọ, ẹ béèrè: ìsọ̀ ìyá yìí dà? Èdè wo lẹ fi sọ̀rọ̀? Kí ló sọ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù? Ẹni tó débẹ̀ ò ní dákẹ́ mọ́. Tí ọmọ bá sì pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí márùn-ún pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tó dáa.

Ìwọ tó wà ní final year ní Yaba báyìí, tí kókó rẹ kan Mushin, DM mi. Mò ń lọ ya fídíò ní Ojúwòyè ní Sátidé, mo mọ àwọn ìyá kan níbẹ̀. Mú bírò dání. Tètè dé o, torí tí ọjà bá ti kún, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lóhùn.