Bí Ẹnu Bá Là, Kí Ni Kó Kọ́kọ́ Sọ?

Ṣé ẹ rántí ọdún 2020? Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà mú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ìlẹ̀kùn ìjọ wà ní títì. Ọjọ́ Àjíǹde, 12 oṣù náà, inú yàrá la ti ṣe é. Ní Mowe àti Ibafo, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í rí ọ̀nà kọjá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù nítorí èrò Redemption Camp, títì márosẹ̀ dá páropáro. Nígbà tí ìjọba ṣí ilé ìjọsìn ní oṣù kẹjọ, ha! Awọ ìlù fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. A jó, a sunkún. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tó pa wá mọ́ yẹ lẹ́ni à ń yìn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, owó oṣù mi ń wọlé. Mò ń pe àwọn ọmọ ìjọ wa ní Ifọ lórí fóònù, mò ń gbàdúrà fún wọn, n kò bi ẹnì kankan pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Arábìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ kò wá lọ́jọ́ tí a jó yẹn. Ó ti jẹ owó ọjà rẹ̀ tán, ó jẹ gbèsè owó ilé, ojú sì ń tì í. À ń pariwo ìyìn, òun dákẹ́ sílé.

Ẹ ka Luku orí kìíní. Sakariah yadi títí Elisabeti fi bímọ. Lẹ́yìn tó kọ orúkọ ọmọ sára wàláà, ẹnu rẹ̀ là, ìyìn ló sì ti ibẹ̀ jáde. Àwa oníwàásù fẹ́ràn láti dúró síbẹ̀. Ọmọ náà ńkọ́? Ní orí kẹta, òun ló ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn agbowó-òde pé wọn kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí a là sílẹ̀ lọ. (Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì, ẹ gbọ́ o.)

Nítorí náà, n kò gbà pé ìdákẹ́ ìjọ ti parí nígbà tí a bá tan gbohùngbohùn. Ẹ wo orí ìjókòó. Ta ni kò sí níbẹ̀? Bí Ọlọ́run bá ti fòpin sí ìdákẹ́ tiyín, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ ti ń wá láti ọdún mẹ́wàá, ẹ mú nínú owó ìdúpẹ́ yẹn lọ sí ilé ẹni bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé iwájú pẹpẹ.

Ìjọ padà dáwó fún oníbúrẹ́dì yẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Oṣù kọkànlá ló tó wá. Mo ní kó bọ́ síwájú wá jẹ́rìí. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná."