Àmì-Ẹ̀yẹ NFL Ti Di Ti Kóta-Báàkì Nìkan

Lọ́dún 1938, nígbà tí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, kọ́kọ́ fi àmì-ẹ̀yẹ Joe F. Carr dá agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ lọ́lá, Mel Hein ti New York Giants ló gbà á. Iṣẹ́ Hein ni pé kó bẹ̀rẹ̀, kó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì dínà mọ́ àwọn tó fẹ́ ya wọlé.

Lónìí, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ ti iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press ló gbajúmọ̀, àwọn oníròyìn 50 tí iléeṣẹ́ náà yàn ló sì ń dìbò fún un. Adènà ni Alan Page tó gbà á ní 1971. Kódà Mark Moseley, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, gbà á ní 1982. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Adrian Peterson, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ní 2012, kóta-báàkì, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, nìkan ló gbà á láti sáà 2013 títí di 2024.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kóta-báàkì tí kò rí ẹni dáàbò bò ó kò ní ráyè ju bọ́ọ̀lù. Kí àwọn adìbò tún yí ojú wọn sí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ níwájú.