Ilé Mọ́kànlá ní Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Kí n tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹta tó kọjá, mo ti to orúkọ ilé mọ́kànlá sínú fóònù mi: ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìbàdàn, ilé àbúrò màmá mi ní Ọ̀yọ́, ilé ọ̀gá tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ télọ̀, títí dé ilé àwọn àna mi ní Ìlọrin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ oṣù méjìlélógún, ni mo fẹ́ gbé yí wọn ká, kí kálukú fojú kàn án, kí wọ́n sì wúre fún un. Ìyá rẹ̀ kò lè bá wa lọ, nítorí iṣẹ́ alẹ́ tó ń ṣe nílé ìwòsàn. Èmi, ọmọ, báàgì méjì, àti kẹ̀kẹ́ ọmọ kan tí a kò rí ojú títì tó tẹ́jú tì í lórí títí a fi padà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wọ bàálù rí, ẹ mọ̀ pé itan òbí ni ìjókòó rẹ̀. Ó ń dín owó kù. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù sí Ìkẹjà, itan mi sì ti kú kí a tó ré aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, ooru gbá wa lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò omi àmàlà. Obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi mí níbi tí a ti ń dúró de ẹrù pé, "Ìyá ẹ̀ dà?" Ọ̀kan nínú wọn wò mí títí bí ẹni pé mo jí ọmọ gbé.

AC ọkọ̀ tí mo háyà kú kí a tó dé Ṣàgámù. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lọ́nà Ìbàdàn, oòrùn sì wà láàárín orí. Ọmọ kọ́kọ́ sunkún, ó sunkún títí, ó wá dákẹ́. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Awakọ̀ ló wo dígí, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ọmọ yìí dáadáa o, kò làágùn mọ́." Nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbẹ, ó sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Abẹ́ igi kan létí títì la dúró sí. A ra omi inú ọ̀rá, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi wé e lára, mo wá ń fi ìdérí ike kán omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó béèrè bísíkíìtì. Èmi ni mo wá bú sẹ́kún. Mo ti kà á kí a tó gbéra pé ara ọmọdé máa ń tètè gbóná ju tàgbà lọ. Mo kà á bí ẹni ka ìròyìn ìlú ẹlòmíràn ni.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá mi ò tilẹ̀ dáhùn ìdọ̀bálẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń wò. "Ta ló wọ ìbọ̀sẹ̀ fọ́mọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn?" Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí ẹní pẹ̀lú pátá nìkan. Mo sọ ètò ìrìnàjò wa fún wọn, ilé mọ́kànlá. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán. Wọ́n wá ní bẹ̀rẹ̀ láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà ò ní jáde nínú ilé àwọn. "Ẹni tó bá fẹ́ rí i mọ̀nà ilé yìí."

Mo bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì tí ooru sú wínníwínní sí ọmọ lọ́rùn àti láyà, ẹnu mi wọlé. Lọ́dún tó kọjá ni mo fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ra AC sí yàrá tí a máa sùn. Wọ́n rà á. Ó wà lára ògiri níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí iná tó máa gbé e lọ́sàn-án. Yàrá ẹ̀yìn tí bàbá bàbá mi fi amọ̀ mọ, tí ògiri rẹ̀ nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ mi lọ, ibẹ̀ ló gbà wá. Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kí ooru tó là á já. Bí yàrá búlọ́ọ̀kù bá ti ń yan èèyàn bí ẹ̀pà ní aago kan ọ̀sán, ibẹ̀ ṣì tutù. Alẹ́ ni ooru tó ti fà sára máa ń jáde, nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ti kó ẹní wa bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Màmá tó pọn àwa márààrún dàgbà ò sì fi ọ̀já kan ọmọ yìí lọ́sàn-án. Wọ́n ní ara méjì tó lẹ̀ mọ́ra nínú oòrùn, iná ni.

Báyìí ni ọmọ mi ṣe lo ọjọ́ méje: nínú abọ́ ìfọṣọ ńlá tó kún fómi, lábẹ́ igi máńgòrò, tí omi máńgòrò ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo adìẹ tó wà lágbàlá, orúkọ tó fún wọn fúnra rẹ̀. Ó ń sùn láyà màmá mi bí wọ́n ti ń kì í. Nínú ilé mọ́kànlá yẹn, méje ló wá. Ọ̀gá télọ̀ náà wá, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti adìẹ kan.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àwa tí a wà lókè òkun, àfihàn là ń fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe. A ó gbé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ láti ibi ọjọ́ ìbí dé ibi òkú àgbà, lábẹ́ kánópì, nínú ariwo, kí ẹbí lè rí i, kí a sì lè ya fọ́tò. Ẹnìkan yóò ní àgbà ni à ń tọ̀ lọ, àgbà kì í tọ ọmọdé wá. Mo gbà. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, mo gun ọ̀kadà lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjì tí kò lè wá, mo fi ọmọ sílẹ̀ sórí ẹní. Àwọn méjì tó kù ṣì ń bínú. Èmi ni kí wọ́n bínú sí.

Ibì kan ṣoṣo ni mi ò ti gbà fún màmá. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ ẹyọ oògùn ibà ti ọmọdé kan sínú ògì oní-mílíìkì fún un, láti ọjọ́ méjì kí a tó gbéra títí di ọjọ́ keje tí a padà, bí dókítà ti wọn ìwúwo rẹ̀ tó sì kọ ọ́ fún wa. Màmá ní, "Ibà wo? Ṣé ìwọ kọ́ lo dàgbà síbí?" Èmi ni lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra tọmọ tí mi ò ra tèmi. Ọjọ́ kẹwàá tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, mo ń gbọ̀n nínú bọ́ọ̀sì bí ewé àgbàdo. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé agbára tí ara ń ní láti bá ibà jà máa ń dín kù bí èèyàn bá ti pẹ́ nílẹ̀ tí kò ti sí ibà, àti pé irú wa tó lọ kí ẹbí nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibà wọ Ìlú Ọba. Mi ò tíì sọ fún màmá.

Oṣù Kẹjọ la tún ń lọ, ìyá rẹ̀ náà sì ti gbàyè. Oòrùn ìgbà yẹn kò mú tó ti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn òjò wà níbẹ̀, oògùn mẹ́ta la máa gbé dání. Ọmọ ti lé lọ́dún méjì báyìí, a máa sanwó ìjókòó rẹ̀, itan mi gbòmìnira. Lọ́jọ́ Àìkú, màmá pè, wọ́n ní kí n fi orúkọ ilé mọ́kànlá yẹn ránṣẹ́ sáwọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ iye àga tí àwọn máa yá.