Kóòdù Inú Fóònù, Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ni



Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Lónìí, a fẹ́ jẹ́wọ́ bí ògiri tiwa ṣe lanu, kí tiyín má baà là.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iṣẹ́ kan dé sórí WhatsApp wa láti ọ̀dọ̀ àbúrò wa: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kóòdù mi ṣèèṣì wá sórí fóònù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.” A wo inú SMS, a rí nọ́ńbà mẹ́fà níbẹ̀ lóòótọ́. A fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, WhatsApp wa kú mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ará ti ń gbọ́ pé a wà ní ilé ìwòsàn, a ń tọrọ owó. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa fi 20.000 fàráǹkì ránṣẹ́. Owó ọjà rẹ̀ ni.

Olè ti kọ́kọ́ gba WhatsApp àbúrò wa. Ó wá tẹ nọ́ńbà tiwa sínú fóònù tirẹ̀, kóòdù sì wá sọ́dọ̀ àwa tí a ni nọ́ńbà. Kò já ilẹ̀kùn. Àwa la na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí.

Èkínní: ẹ má fi kóòdù SMS tàbí kóòdù owó orí fóònù han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín.

Èkejì: nínú WhatsApp, ẹ wọ Paramètres, lẹ́yìn náà Compte, kí ẹ tẹ Vérification en deux étapes. Ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tiyín, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ ìbí yín. Bí olè bá tilẹ̀ rí kóòdù SMS gbà, èyí yóò dá a dúró.

Ẹ̀kẹta: bí ará kan bá tọrọ owó, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ tí ará ilé nìkan mọ̀.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará kíákíá. Ẹ tún nọ́ńbà yín tẹ̀ sínú WhatsApp. Bí ẹ bá ti fi kóòdù tuntun sí i, olè bọ́ síta. Ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn pẹ̀lú: ní ilẹ̀ Benin, òfin Code du numérique ti ọdún 2018 ń fìyà jẹ irú olè bẹ́ẹ̀.

A ti san owó ìyá àgbà padà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá pè é, ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: “Ṣé ìwọ gan-an ni, ọmọ mi?”

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ gba fóònù ìyá yín, kí ẹ bá a ti ilẹ̀kùn náà.