Kí Alágbẹ̀dẹ Má Ṣe Wọ́n Nílẹ̀ Wa

Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní sọ nípa ìgbà kan tí kò sí alágbẹ̀dẹ ní gbogbo ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ẹni tó bá fẹ́ pọ́n àáké rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Filísítínì ọ̀tá wọn ni ó ní láti lọ. Èrò mi ni pé ilé-ẹ̀kọ́ wa gbọ́dọ̀ ṣe ipa tirẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà bá wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, òkúta a máa jẹ irin. Katakata tí ń hú ilẹ̀ ń pàdánù eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Sẹ̀gilọlá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ góòlù ní 2021, quartz, òkúta tí góòlù fara pamọ́ sí, le ju irin lásán lọ. Ẹ̀rọ tí ń lọ̀ ọ́ kò lè ṣàìjẹ.

Ọ̀nà pàtàkì méjì ni a fi ń gbógun ti jíjẹ náà. Ní 1882, Robert Hadfield ti ìlú Sheffield po manganese bí ìdá 12 nínú 100 mọ́ irin, ó sì rí irin tí ń le sí i bí a ti ń lù ú. Ọ̀nà kejì ni kí wẹ́dà jó irin tó ní chromium àti carbon lé ojú ibi tó jẹ. Bí ó ti ń tutù, àwọn méjèèjì a para pọ̀ di wóro líle, bí òkúta inú kọnkéré. Èyí dára níbi tí yanrìn ti ń họ irin. Ṣùgbọ́n níbi tí òkúta ńlá ti ń já lù ú, ó lè sán. Irin Hadfield pàápàá, bí iná bá pọ̀ jù lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń jó o, a máa ṣẹ́ bí ìkòkò amọ̀.

Ọwọ́ nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwé nìkan kò tó. Wẹ́dà mọ bí a ti ń jó irin. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lè mọ ìdí tí irin fi le. A ti mọ ògiri sí àárín àwọn méjèèjì, nítorí àwọn òbí kan rò pé ọmọ tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ni iṣẹ́ irin wà fún. Òṣogbo, tí a kọ́ ilé-iṣẹ́ irin àti Nigeria Machine Tools sí, kò yẹ kí ó máa ronú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀bùn ayẹyẹ yìí má ṣe jẹ́ ẹnubodè tuntun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ilé iṣẹ́ irin kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá sáyẹ́ǹsì, kí a sì pe àgbà wẹ́dà kan láti Old Garage wá ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí òun àti olùkọ́ kẹ́mísírì jọ dúró níwájú àwọn ọmọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ́ ní iṣẹ́ irin kò ní ru àáké rẹ̀ lọ bá Filísítínì.